Chen Duxiu àti ọdún mẹ́rin tó fi gbọ́ràn

Bí ẹ bá bi àwọn tó lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ láwọn ọdún 1970 léèrè pé ta ni olórí àwọn Kọ́múníìsì ilẹ̀ Ṣáínà, Mao Zedong ni wọ́n máa dárúkọ kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ìwé pupa kékeré rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà. Àwọn tó rìn jìnnà díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà á fi Zhou Enlai kún un. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí á ní Deng Xiaoping, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ló jẹ wọ́n lógún. Ẹni tó ṣíwájú àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, tó sì ṣe olórí rẹ̀ láti 1921 títí di 1927, ẹ lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, orúkọ rẹ̀ ò ní jáde.

Chen Duxiu ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ọkùnrin yìí, bí mo bá sì gbé e tì, mo tún máa ń padà sí i. Ohun tó ń fà mí ni pé kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láyé rẹ̀, àfi ìgbà kan ṣoṣo. Bíi ọdún mẹ́rin ni ìgbà náà gbà. Ọdún mẹ́rin yẹn ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tún kan ilé rẹ̀. Èrò tó dára jù tí ọkùnrin náà ní nípa òṣèlú, láti inú ọdún mẹ́rin yẹn náà ló ti wá.

Ìlú Anqing ní ìpínlẹ̀ Anhui, létí odò Yangtze, ni wọ́n ti bí i lóṣù kẹwàá ọdún 1879. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, bàbá bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níwèé. Bàbá àgbà yìí le bí ojú ẹja. Bí ọmọ kò bá lè ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí, pàṣán ni. Nínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 1937, tí kò sì parí, Chen kọ ọ́ pé bó ti wù kí wọ́n na òun tó, òun kì í sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń bí bàbá àgbà nínú jù, tó fi ń sọ pé apànìyàn lọmọ yìí máa dà. Ohun tó wá ń mú ọmọ náà jókòó ti ìwé ni omijé ìyá rẹ̀. Ó ní omijé yẹn lágbára lórí òun ju pàṣán lọ. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹ ò lè fi ipá mú Chen Duxiu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é lóore, tàbí tó bá fi ìfẹ́ dè é, lè mú un lọ síbi tí kò fẹ́ lọ.

Ní 1896 ó yege nínú ìdánwò ìjọba ti ìpele àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì ó gba Nanjing lọ fún ìpele tó tẹ̀ lé e. Inú àwọn yàrá tóóró ni wọ́n há àwọn tó wá ṣe ìdánwò mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, ooru sì mú. Ọkùnrin sísanra kan láti Xuzhou wá bọ́ra sí ìhòòhò, ó ká irun gígùn rẹ̀ sórí, bàtà jákujàku ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé ìdánwò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ọ̀nà, ó ń fi ohùn orin ka àròkọ rẹ̀ sókè, nígbà tó dé ibi tó dùn mọ́ ọn, ó lu itan rẹ̀ pàá, ó pariwo pé òun máa yege lọ́tẹ̀ yìí. Chen ní òun dúró wo ọkùnrin náà títí, ọkàn òun sì lọ jìnnà. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá di aláṣẹ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìlú? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí aráàlú? Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó wá rí.

Ó lọ sí Jàpáànù. Ní Tokyo lọ́dún 1903, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ já wọ ilé ọ̀gá tí ìjọba ọba Manchu fi ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gé irun gígùn ẹ̀yìn orí rẹ̀. Irun yẹn kì í ṣe oge lásán, àmì pé èèyàn tẹríba fún ọba ni. Wọ́n lé wọn padà sílé. Ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ ní Anhui ní 1904 tó ń fi èdè tí àwọn èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ kọ̀wé, ó bá wọn lọ́wọ́ nínú ìjà tó lé ọba lọ ní 1911, ìjà náà sì já a kulẹ̀, nítorí ọba lọ tán, àwọn ọ̀gágun ló jókòó sórí àga.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915 ló dá ìwé ìròyìn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sílẹ̀ ní Shanghai. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Xin Qingnian, èyí tó túmọ̀ sí Ọ̀dọ́ Tuntun. Ibẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé Hu Shi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kọ ọ́ ní 1917 pé ó yẹ kí lítíréṣọ̀ kúrò nínú èdè àtijọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ń gbọ́. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé Lu Xun ti gbé ìtàn àkọ́kọ́ tó kọ ní èdè ojoojúmọ́ jáde ní 1918. Ibẹ̀ náà ni ọmọ Hunan kan tí wọn ò tíì mọ̀, Mao Zedong, ti kọ àròkọ nípa eré ìmárale ní 1917. Cai Yuanpei tó jẹ́ olórí Yunifásítì Beijing ti pe Chen láti wá darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ níbẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 300 yuan. Nígbà tí Mao dé ibẹ̀ ní 1918, tó ń bá wọn tọ́jú ìwé ní láíbìrì, yuan mẹ́jọ péré ni wọ́n ń san fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 1919, àwọn tó kórìíra ìwé ìròyìn náà ti pọ̀, Chen sì fún wọn lésì. Ó ní lóòótọ́ làwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn pé àwọn ń ba àṣà àtijọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n nítorí àlejò méjì ni: Ọ̀gbẹ́ni Tiwantiwa àti Ọ̀gbẹ́ni Sáyẹ́ǹsì. Ó ní nítorí àwọn méjèèjì yìí, ìjọba ì báà fìyà jẹ àwọn, ará ìlú ì báà bú àwọn, kí orí já, kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àwọn ò ní yẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ìyà dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìròyìn dé láti Versailles, níbi ìpàdé àlàáfíà tó tẹ̀ lé Ogun Àgbáyé Kìíní, pé ilẹ̀ Shandong tí Jámánì ti gbà lọ́wọ́ Ṣáínà, Jàpáànù ni wọ́n máa gbé e fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 3,000 tú sí ìgboro Beijing lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà. Lẹ́yìn oṣù kan, Chen kọ àyọkà kúkúrú kan pé orísun méjì ni ọ̀làjú ayé ní, yàrá ìwádìí àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí ọ̀dọ́ pinnu pé bí òun bá jáde nínú yàrá ìwádìí, ẹ̀wọ̀n ló kàn. Bí òun bá jáde lẹ́wọ̀n, kí òun padà sí yàrá ìwádìí. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ó gun òkè ilé fàájì kan ní Beijing, ó fúnra rẹ̀ ń ju ìwé pélébé sílẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ọlọ́pàá mú un níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórí ló máa ń rán ọmọ kékeré lọ pín irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn á sì wà nílé. Ní Hunan, Mao kọ̀wé yìn ín nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ní 1936, Mao ṣì sọ fún oníròyìn ará Amẹ́ríkà náà, Edgar Snow, pé bóyá ni ẹlòmíràn wà tó nípa lórí òun tó Chen Duxiu.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, tí wọ́n tún fẹ́ mú un, Li Dazhao, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, fi kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà gbé e jáde ní Beijing lọ sí Tianjin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1920. Ó dé Shanghai. Voitinsky, tí àwọn Kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà rán wá, bá a níbẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ kékeré àkọ́kọ́ ti dúró. Ìpàdé ìdásílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ti oṣù keje ọdún 1921, Chen kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Guangzhou ló wà, ó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Àwọn aṣojú tí kò ju mẹ́tàlá lọ, tí wọ́n dúró fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lé díẹ̀ ní 50, ni wọ́n pàdé. Amí kan yọjú sí wọn ní Shanghai, wọ́n sá lọ parí ìpàdé nínú ọkọ̀ ojú omi ní Jiaxing, wọ́n sì fi ẹni tí kò wá ṣe olórí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, mo sì fẹ́ fẹsẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀.

Comintern, àjọ tó kó gbogbo ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ayé jọ sábẹ́ Moscow, rán ará Họ́láńdì kan wá tí wọ́n ń pè ní Maring. Níbẹ̀rẹ̀, Chen kò fẹ́ gba owó wọn. Ó ní bí àwọn bá gba owó, àwọn á di ọmọ ọ̀dọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1921, ọlọ́pàá àdúgbò Faransé ní Shanghai mú un. Maring sáré sókè sódò, ó wá agbẹjọ́rò, ó náwó, títí wọ́n fi tú Chen sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ara Chen ti rọ̀. Ìròyìn tí Chen fúnra rẹ̀ kọ sí Moscow ní oṣù kẹfà ọdún 1922 fi hàn pé nínú owó tó lé ní 17,000 yuan tí ẹgbẹ́ ná láti nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, 1,000 yuan péré ni ẹgbẹ́ rí kó jọ fúnra rẹ̀. Ìyókù, Moscow ló san án. Ẹni tí pàṣán bàbá àgbà kò rí mú, oore mú un.

Kí ni Moscow wá fẹ́? Wọ́n fẹ́ kí àwọn Kọ́múníìsì wọ inú ẹgbẹ́ Guomindang ti Sun Yat-sen lọ, kí wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ kan bá a jagun lòdì sí àwọn ọ̀gágun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1922, Chen kọ lẹ́tà sí Voitinsky, ó to ìdí mẹ́fà lẹ́sẹẹsẹ tí kò fi yẹ kí wọ́n ṣe é. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pàdé létí adágún ní Hangzhou. Chen àti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà náà ni Maring sọ fún wọn pé àṣẹ Comintern ni, ẹ̀ka Comintern sì ni ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó wáyé ní Guangzhou ní oṣù kẹfà ọdún 1923, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Chen ló sì wá ń gbé ìpinnu tí kò gbà gbọ́ kiri, tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti jókòó nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rí, níbi tí ẹni kan ti sọ òtítọ́, tí alága sì dá a lóhùn pé ẹgbẹ́ ti pinnu. Ẹ mọ bí ilé ṣe máa ń rí lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo èèyàn á máa wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó sọ òtítọ́ yẹn, bó bá jẹ́ olóòótọ́ ọmọ ẹgbẹ́, òun ló máa ń ṣiṣẹ́ jù lórí ìpinnu tí kò fara mọ́, kí wọ́n má baà sọ pé òun ló bà á jẹ́.

Fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé Moscow ló mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn ìpakúpa tí ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Shanghai ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1925, àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọ inú ẹgbẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1927, ọmọ ẹgbẹ́ ti sún mọ́ 58,000. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1926, Chiang Kai-shek, ọ̀gágun Guomindang tí ìbọn Rọ́ṣíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti mú àwọn Kọ́múníìsì ní Guangzhou, ó sì ti lé wọn kúrò níbi tó ṣe kókó. Chen dábàá pé kí àwọn jáde kúrò nínú Guomindang. Moscow ní rárá. Àwọn Kọ́múníìsì bẹ̀bẹ̀ pé kí Moscow yọ ìbọn 5,000 nínú èyí tí wọ́n ń kó fún Chiang, kí wọ́n fi fún àwọn àgbẹ̀ Guangdong. Moscow ní rárá, ìyẹn á jẹ́ kí Guomindang máa fura. Borodin, ará Rọ́ṣíà tó ń gba Guomindang nímọ̀ràn, sọ pé ní àsìkò yìí, iṣẹ́ alágbàṣe ló yẹ kí àwọn Kọ́múníìsì máa ṣe fún Guomindang. Gbogbo èyí wà nínú lẹ́tà tí Chen kọ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1929.

Ní oṣù kẹta ọdún 1927, àwọn òṣìṣẹ́ Shanghai fúnra wọn gba ìlú náà kí àwọn ọmọ ogun Chiang tó wọlé. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Moscow ní kí wọ́n fi ìbọn pamọ́, kí wọ́n má bá Chiang jà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, Chen Duxiu àti Wang Jingwei ti Guomindang gbé ìwé kan jáde pa pọ̀, wọ́n ní irọ́ ni àwọn tó ń sọ pé ìjà máa ṣẹlẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ń pa. Orúkọ Chen wà lábẹ́ ìwé náà. Lọ́jọ́ kejìlá, tí ọ̀sẹ̀ kan pé géérégé, Chiang bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n ní ìgboro Shanghai.

Nígbà tí Wang Jingwei náà yí padà ní Wuhan ní oṣù keje, gbogbo rẹ̀ parí. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, wọ́n ṣe ìpàdé pàjáwìrì ní Hankou. Wọ́n yọ Chen kúrò nípò láìsí níbẹ̀, bí wọ́n ṣe fi í jẹ olórí láìsí níbẹ̀. Wọ́n ní òun ló tẹ̀ sí ẹ̀yìn, òun ló gba ọ̀tá láyè, òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Wọn ò dárúkọ Moscow. Ẹgbẹ́ tó sún mọ́ 58,000 ti dín sí nǹkan bí 10,000 kí ọdún náà tó parí.

Mi ò ní gbé gbogbo ẹ̀bi náà lé Stalin, olórí Rọ́ṣíà nígbà náà, lórí. Chen náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà 1929 yẹn, ó sọ pé òye òun kò jinlẹ̀ tó, ìpinnu òun kò dúró tó, òun sì fi òótọ́ inú ṣe ohun tí Comintern ní kí òun ṣe, títí òun fi di irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Stalin láìmọ̀. Mélòó nínú àwọn olórí tí a mọ̀ ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ayé máa kà?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún un nílé ló bí Yannian àti Qiaonian, ṣùgbọ́n Chen fi ìyá wọn sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé pẹ̀lú àbúrò ìyàwó náà, Gao Junman. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé Shanghai, kò jẹ́ kí wọ́n gbé inú ilé. Ilẹ̀ ilé ìtàwé ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti bọ́ ara wọn, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń mu. Gao Junman bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n wálé. Chen ní àánú obìnrin ló ń ṣe é, àánú tó ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí pàṣán kò sọ di èèyàn wá di bàbá tó gbà pé ìyà ló ń sọ ọmọ di èèyàn. Mi ò lè gbè é lẹ́yìn níbẹ̀, ó sì burú lójú mi títí dòní.

Àwọn ọmọ náà lọ sí Faransé, wọ́n padà wá di Kọ́múníìsì, wọ́n sì di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ bàbá wọn. Yannian ló darí ẹ̀ka Guangdong. Kì í pe Chen ní bàbá níbi iṣẹ́, ẹlẹgbẹ́ ni ó ń pè é, ó sì ń bá a jiyàn pé ó ń fún Guomindang láyè jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n mú un ní Shanghai. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù keje, wọ́n mú un jáde láti pa, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó kọ̀. Ìdúró ni wọ́n fi idà ṣá a pa. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Qiaonian kú ní ìlú kan náà lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1928. Ẹ̀gbọ́n Qiaonian obìnrin, Yuying, wá láti gbé òkú àbúrò rẹ̀, ìbànújẹ́ sì pa òun náà lọ́dún yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè pàṣẹ fún Chen Duxiu. Moscow ní kó máa bọ̀, ó kọ̀. Nígbà tí ìjà bẹ́ lórí ojú irin ní Manchuria láàárín Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ní 1929, tí ẹgbẹ́ ní kí gbogbo èèyàn gbèjà Rọ́ṣíà, Chen kọ̀wé pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ní wọ ọmọ Ṣáínà létí. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀. Ó ti ń ka ìwé Trotsky, ará Rọ́ṣíà tó jẹ́ alátakò Stalin, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 1932 ni Guomindang rí i mú. Pan Lanzhen, obìnrin òṣìṣẹ́ tó ń bá a gbé, tó sì kéré sí i gan-an, ìgbà tí wọ́n mú un ló tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ sí Nanjing, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kẹrin ọdún 1933, wọ́n gbé Chen dé ilé ẹjọ́, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń wu orílẹ̀-èdè léwu. Ó dáhùn pé ìjọba yàtọ̀, orílẹ̀-èdè yàtọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lé ìjọba lọ ti di ọ̀dàlẹ̀ ìlú, a jẹ́ pé ọ̀dàlẹ̀ ni Sun Yat-sen tó lé ọba Manchu lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Zhang Shizhao, ló gbẹjọ́ rẹ̀ rò, ó sì fẹ́ dá a yọ nípa sísọ pé Trotsky àti Guomindang kì í ṣe ọ̀tá ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Chen dìde lójú ẹsẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ni yẹn, kì í ṣe tòun. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 13 fún un, wọ́n wá dín in sí mẹ́jọ nígbà tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Bọ́ǹbù Jàpáànù ló mú kí wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1937. Guomindang fi ipò lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Àwọn Mao tó wà ní Yan'an, ibùdó àwọn Kọ́múníìsì, ní kó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀, kó kọ Trotsky sílẹ̀, kó tó wálé, ó kọ̀. Wang Ming àti Kang Sheng, méjì nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́, bá dìde, wọ́n ní amí Jàpáànù ni, pé 300 yuan ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù, irọ́ tó jìnnà sí òótọ́. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Shanghai pé òun kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan mọ́, òun kò gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun kò sì bẹ̀rù láti dá nìkan wà. Hu Shi ti sọ pé alátakò títí ayé ni. Chen gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó parí sí Jiangjin ní Sichuan, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Heshanping, pẹ̀lú Pan Lanzhen, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ìwé tó ń kọ nípa lẹ́tà Ṣáínà. Níbẹ̀, láàárín 1940 sí 1942, ló ti kọ ohun tí mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù: lẹ́tà mélòó kan àti àyọkà díẹ̀. Àwọn Kọ́múníìsì máa ń sọ pé tiwantiwa àwọn olówó ni ìdìbò àti òmìnira ìwé ìròyìn, pé tiwantiwa àwọn òṣìṣẹ́ yàtọ̀. Chen béèrè pé yàtọ̀ báwo? Ó to ohun tí tiwantiwa jẹ́: kí ó má ṣe sí ẹni tó lè mú èèyàn bí kò ṣe ilé ẹjọ́, kí ìjọba má gba owó orí tí àwọn aṣòfin kò fọwọ́ sí, kí òṣìṣẹ́ lè daṣẹ́ sílẹ̀, kí àgbẹ̀ ní ilẹ̀ tó máa ro, kí èèyàn lè ronú kó sì gba ẹ̀sìn tó bá wù ú. Àti èyí tó fi ṣe òpó: kí ẹgbẹ́ alátakò lè pàdé, kó sọ̀rọ̀, kó tẹ̀wé. Ó ní bí kò bá sí èyí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tiwantiwa òṣìṣẹ́. Ní ti Stalin, àwọn Trotsky gbà pé èèyàn burúkú ló gba àga rere. Chen yí i padà. Ó ní ìjọba apàṣẹwàá ló bí Stalin, pé bí wọ́n bá yọ Stalin tí wọ́n fi ètò náà sílẹ̀, Stalin mìíràn ń bọ̀. Àwọn Trotsky tó wà ní Shanghai bínú gidigidi sí i.

Kí n má baà sọ ọ́ di ẹni mímọ́ fún yín, ẹ gbọ́ èyí. Chen yìí kan náà ló kọ̀wé sí Hu Shi ní 1917 pé lórí ọ̀rọ̀ èdè ojoojúmọ́, àwọn ò gbọ́dọ̀ fún alátakò láyè láti bá àwọn jíròrò rárá. Ní 1920 ó kọ̀wé gbe ìjọba apàṣẹwàá òṣìṣẹ́ lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1925, àwọn èrò dáná sun ilé ìwé ìròyìn kan ní Beijing. Chen bi Hu Shi bóyá kò yẹ kí wọ́n sun ún ni. Hu Shi kọ lẹ́tà gígùn sí i, ó ní ìyàtọ̀ èrò kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n bí àwọn kò bá lè fara da pé kí ẹlòmíràn ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, kí ló so àwọn pọ̀? Chen tó béèrè ní 1925 bóyá kò yẹ kí wọ́n sun ún ló wá kọ òfin alátakò sílẹ̀ ní 1940. Láàárín méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n kò fún láyè láti tẹ̀wé. Mo máa ń rò ó pé ká ní Moscow gbà fún un ní 1926, ká ní ìbọn 5,000 yẹn dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀, ká ní ó gba ìjọba, ṣé ì bá ronú dé ibẹ̀? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni wọn ì bá máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé pupa.

Ó kú lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1942. Ní 1945, Mao sọ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní Yan'an pé ọ̀gágun àgbà ìgbà ogun akẹ́kọ̀ọ́ 1919 ni Chen. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ amí Jàpáànù yẹn ti lọ sílẹ̀ báyìí. Ní 2021, tí ẹgbẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí ó sọ Chen àti àwọn ọmọ rẹ̀ di ààyò àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà. Ní ìlú Hefei, òpópónà kan wà tí wọ́n fi orúkọ Yannian àti Qiaonian pè, àwọn èèyàn sì ń gbé òdòdó sídìí àkọlé rẹ̀. Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 1915, ó sì parí sí 1921, níbi tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún tí Chen tún lò lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú rẹ̀. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi dúró síbẹ̀.